Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Ẹ̀dá-Ìtàn: Ohùn Asọ̀tàn Nínú Ìpolówó Fíìmù Yorùbá

Ìpolówó ọjà kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹlẹ́kọ ń polówó ẹ̀kọ, oníbúrẹ́dì ń polówó búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà láàrin búrẹ́dì àti fíìmù. Ẹni tí ó fẹ́ ra búrẹ́dì lè fi ojú rí i, kí ó sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tó sanwó. Ẹni tí ó fẹ́ wo fíìmù ní láti kọ́kọ́ sanwó kí ó tó mọ ohun tí ó rà. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe fíìmù fi máa ń gé díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀, tí wọ́n á tò ó pọ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí àwọn ènìyàn lè tọ́ ọ wò. Ìtọ́wò yìí ni à ń pè ní ìpolówó fíìmù. Ohun tí ètò yìí gbé yẹ̀ wò ni ohùn tí ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn àwòrán inú ìpolówó náà. Ohùn ta ni ó yẹ kí ó jẹ́? Kí ni ó yẹ kí ó sọ? Ibo ni ó sì yẹ kí ó ti dákẹ́?

Orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìpolówó yìí kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn awakọ̀ ojú ọ̀nà Agége ń pe ọkọ̀ akẹ́rù gígùn, èyíinì ni tírélà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tí ń wọ́ tẹ̀ lé nǹkan mìíràn lẹ́yìn. Nígbà tí àṣà náà bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1913, lẹ́yìn tí fíìmù bá parí ni wọ́n ń fi í hàn. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn òǹwòran kì í dúró mọ́ bí fíìmù bá ti tán, wọ́n gbé e wá sí iwájú, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ kò kúrò lára rẹ̀.

Ohùn apolówó

Kí fíìmù Yorùbá tó gbòde ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri ti ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pe èrò. Bí ẹgbẹ́ bíi ti Hubert Ògúńdé bá wọ ìlú, ọkọ̀ wọn yóò máa yí ìgboro po, ẹ̀rọ gbohùngbohùn yóò sì wà lórí rẹ̀. Ẹnìkan yóò máa kéde orúkọ eré, ibi tí wọn yóò ti ṣe é, àkókò àti iye owó ìwọlé. Ẹ̀yìn òde ìtàn ni ohùn yìí dúró sí, bí alágbàtà tí ń yin ọjà tí kì í ṣe òun ni ó ṣe é. Nígbà tí àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré wọn sínú fíìmù, bíi Àjàní Ògún ní 1976, Aiyé ti Ògúńdé ní 1979 àti Ọ̀run Móoru ti Moses Ọláìyá ní 1982, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gbé fíìmù wọn kiri láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí fíìmù tún bọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ohùn apolówó kò fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ra kásẹ́ẹ̀tì kan láti Ìdúmọ̀tà ní láti kọ́kọ́ gbọ́ apolówó tí yóò máa fi igbe kéde fíìmù mìíràn tí ń bọ̀ lọ́nà, kí ó tó kan èyí tí ó torí rẹ̀ sanwó.

Ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà kò yàtọ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Don LaFontaine, tí ó kú ní 2008. Wọ́n kà á sí ẹni tí ó fi ohùn rẹ̀ sí ìpolówó fíìmù tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohùn rẹ̀ tí ó jinlẹ̀ bí ìlù àgbà ni òǹwòran ń gbọ́, yálà fíìmù ogun ni o tàbí ti ìfẹ́. Ní àsìkò tiwa yìí, irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti dín kù púpọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó rọ́pò rẹ̀ ni ohùn àwọn ẹ̀dá-ìtàn fúnra wọn. Ọ̀nà yìí náà ti ń wọ inú ìpolówó fíìmù Yorùbá, ìyẹn ni ó fi yẹ kí á mọ bí a ti ń lò ó.

Etí ṣáájú ojú ní Agége àti Ìkẹjà

Kò sí ibi tí ọ̀ràn ohùn yìí ti hàn kedere tó agbègbè ilé-iṣẹ́ ńláńlá Ìkẹjà àti Agége. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ògbà ní 1962, Cadbury kọ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sí Agídíngbí ní 1965, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì kún ojú ọ̀nà Ọba Akran. Àwọn òṣìṣẹ́ ti gbogbo ẹ̀yà wá, wọ́n sì ń gba yàrá gbé ní Agége. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, fíìmù Íńdíà àti ti Ṣáínà gbajúmọ̀ púpọ̀ ní àwọn ilé sinimá Èkó. Ọ̀pọ̀ òǹwòran kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ nínú wọn. Ojú ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé ìtàn. Lára àwọn ilé sinimá tí ó lókìkí ní Agége ni Pen Cinema, tí orúkọ rẹ̀ ti di orúkọ oríta àti ti afárá ọkọ̀ tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 2021.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn tí ń ta kásẹ́ẹ̀tì tàbí tí ń yá ènìyàn á gbé tẹlifíṣọ̀n sínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta. Ẹni tí ń kọjá lọ, òṣìṣẹ́ tí ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ìyá tí ń ra ata ní òdìkejì títì, gbogbo wọn ni wọ́n ń gbọ́ ìpolówó fíìmù láìrí àwòrán kankan. Etí ni ó ń gba fíìmù wọlé kí ojú tó dé ibẹ̀. Bí ohùn náà bá jẹ́ igbe lásán, yóò di ọ̀kan lára ariwo ìgboro, pẹ̀lú ti kọ̀ǹdọ́ ọkọ̀ àti ti oníwàásù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ohùn ẹnìkan tí ọ̀ràn ń dùn, ẹni tí ń kọjá lọ yóò yí orí padà. Ó di dandan kí ènìyàn fẹ́ mọ ohun tí ń ṣe ẹni tí ń sọ tinú rẹ̀.

Ìtàn àtijọ́ lẹ́nu ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ́ wa bí ẹ̀dá-ìtàn ṣe ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Láti 1929 sí 1930, I. B. Thomas tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Lẹ́tà ni ó fi í ṣe, bí ẹni pé obìnrin kan tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ ni ó ń kọ ọ́ sí olóòtú. “Èmi” ni Sẹ̀gilọlá ń pe ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn yìí wọ àwọn ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn lẹ́tà nípa rẹ̀ fi ń jáde nínú ìwé ìròyìn náà bí ẹni pé ó wà láàyè ní ìgboro Èkó.

Ní 1938 ẹ̀wẹ̀, nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, D. O. Fágúnwà kò sọ ìtàn ọdẹ náà fúnra rẹ̀. Àkàrà-Oògùn ni ó wá sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, tí òǹkọ̀wé sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ tiwa ni pé Àkàrà-Oògùn kò sọ ọ́ tán ní ìjókòó kan. Yóò sọ ọ́ dé ibì kan, yóò dákẹ́, yóò sì lọ. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, èrò tí yóò wá gbọ́ ọ á pọ̀ ju ti àná lọ. Bí ó bá ti sọ gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ńkọ́? Dídákẹ́ rẹ̀ ni ó pe èrò.

Àpẹẹrẹ kan

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí á gbà pé ẹnìkan fẹ́ ṣe ìpolówó fún fíìmù kan tí ìtàn rẹ̀ lọ báyìí. Àdùkẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan ní Agége. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Ní ọjọ́ kan, ó gbọ́ pé ọkọ òun ti kúrò ní ilé-iṣẹ́ náà láti ọdún kan sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí alẹ́ tí kì í wọ aṣọ iṣẹ́ jáde, kò sì sí òpin oṣù tí kì í mú owó wálé.

Bí ohùn apolówó bá sọ ọ́, yóò lọ báyìí: “Ẹ wá wo fíìmù tí ó mi ìlú tìtì! Ọkọ dalẹ̀, ìyàwó figbe ta, àṣírí tú síta! Ẹ má jẹ́ kí ó fò yín ru o!” Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n a lè fi ọ̀rọ̀ kan náà polówó ọgọ́rùn-ún fíìmù mìíràn. Kò sọ ohun tí ó mú fíìmù yìí yàtọ̀.

Bí Àdùkẹ́ bá wá ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀, tí olùṣe fíìmù kò sì mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti dá a dúró, yóò lọ báyìí: “Orúkọ mi ni Àdùkẹ́. Ọkọ mi tàn mí jẹ. Mo rò pé iṣẹ́ ni ó ń lọ ní alaalẹ́, n kò mọ̀ pé olè ni ó ń jà, títí ọlọ́pàá fi wá mú un ní ọjọ́ ìkómọ wa.” Ohùn ẹ̀dá-ìtàn nìyí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pa fíìmù náà jẹ. Ẹni tí ó gbọ́ èyí ti wo fíìmù tán ní ẹ̀gbẹ́ títì. Kí ni yóò tún sanwó fún?

Ọ̀nà kẹta ni èyí: “Alaalẹ́ ni mo ń bá a lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí oṣù bá parí, owó ń dé. Ní àná, ó gbàgbé oúnjẹ rẹ̀ sílé, mo sì gbé e tẹ̀ lé e. Ẹni tí ń ṣọ́ géètì wò mí títí, ó ní: ‘Ìyàwó ta ni ẹ pe ara yín?’” Níhìn-ín ni kí ohùn náà ti dákẹ́. Àdùkẹ́ kò tí ì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, àwa náà kò sì mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè rẹ̀ ti di ìbéèrè tiwa.

Láti inú àpẹẹrẹ yìí ni òfin pàtàkì ti jáde: ohùn ẹ̀dá-ìtàn inú ìpolówó gbọ́dọ̀ dúró sí ibi tí ìtàn kò tí ì yé ẹ̀dá-ìtàn náà fúnra rẹ̀. Ẹ kíyè sí gbólóhùn bíi “n kò mọ̀ pé”. Ẹni tí ó bá ti sọ báyìí ti fi hàn pé òun ti wá mọ̀ ọ́n báyìí, pé ọ̀ràn náà ti kọjá, àti pé òun yè é. Bí ẹ̀rù ikú ẹni náà bá wà lára ohun tí yóò mú òǹwòran jókòó, ẹ̀rù ọ̀hún ti lọ. Nínú fíìmù Sunset Boulevard ti 1950, òkú ni ó ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá tí a ti ń gbọ́ ìtàn àkúdàáyà, irú ohùn bẹ́ẹ̀ kì yóò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà náà, olùṣe fíìmù ni ó mọ̀ọ́mọ̀ yàn án, kì í ṣe gbólóhùn kan ni ó já bọ́ lẹ́nu ẹ̀dá-ìtàn láìrò tẹ́lẹ̀.

Ta ni kí ó sọ̀rọ̀?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni olú ẹ̀dá-ìtàn ni ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀. Ẹ wo Ṣaworoidẹ, fíìmù tí Túndé Kèlání darí ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ ìtàn rẹ̀. Ọba Lápité kọ̀ láti ṣe ètùtù tí ó so ọba ìlú Jogbo mọ́ ìlù ṣaworoidẹ àti adé idẹ. Bí a bá ní kí Lápité sọ̀rọ̀ nínú ìpolówó, kò lè sọ tinú rẹ̀ kí ó má tú àṣírí ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Àyángalú onílù, ó mọ ohun tí ìlù náà lè ṣe ju bí ó ti yẹ lọ. Yóò sọ òpin ìtàn. Ọ̀pálábá ni ohùn rẹ̀ yẹ iṣẹ́ náà jù. Inú ìlú ni ó wà, ó ń rí ohun tí ń lọ, ṣùgbọ́n òwe àti orin ni ó fi ń sọ ọ́. Adébáyọ̀ Fálétí, tí ó ṣe Ọ̀pálábá, ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959. Ó mọ bí a ti ń fi ohùn nìkan mú ẹni tí kò rí wa. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí á wá ẹ̀dá-ìtàn tí ọ̀ràn kàn, ṣùgbọ́n tí kò ní gbogbo kọ́kọ́rọ́ ìtàn lọ́wọ́.

Òwe pàápàá jẹ́ ohun èlò tí èdè Yorùbá fi lé olùṣe fíìmù lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀. Bí ẹ̀dá-ìtàn bá sọ pé, “Ilé tí a fi itọ́ mọ…”, tí ó sì dákẹ́, kò sí Yorùbá tí ó gbọ́ òwe tí kò ní parí rẹ̀ nínú ara rẹ̀ pé ìrì ni yóò wó o. Òǹgbọ́ ti di alábàáṣe. Ó ti mọ̀ pé nǹkan kan yóò wó, ṣùgbọ́n kò mọ ilé ta ni, kò sì mọ ọjọ́ tí yóò wó.

Ohùn, orin àti ọ̀wọ̀

Ewu mẹ́ta ni ó wà nínú ìlò èdè. Èkínní ni orin. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń ya ọ̀rọ̀ Yorùbá sọ́tọ̀. Bí Àdùkẹ́ bá ní “Ọkọ mi ti lọ”, tí orin sì bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tí ó wà lójú títì lè gbọ́ “Ọkọ̀ mi ti lọ”, kí ó máa bá a dárò mọ́tò. Àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìṣòro yìí tó wa. Bí ó bá jẹ́ dùndún ni wọ́n lù sábẹ́ ohùn, ọ̀rọ̀ tún burú sí i, nítorí pé dùndún kì í ṣe ariwo lásán. Òun náà ń sọ̀rọ̀. Ẹni méjì kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí á gbọ́ wọn yé. Ohun tí ó yẹ ni kí ẹ̀dá-ìtàn sọ tirẹ̀, kí ó dánu dúró, kí ìlù sì gbè é.

Ewu kejì ni arọ́pò-orúkọ. Ọ̀pọ̀ olùṣe ìpolówó kàn ń gé ọ̀rọ̀ láti inú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àwọn ẹ̀dá-ìtàn ni. Nínú fíìmù, nígbà tí ọmọbìnrin bá kọjú sí ọ̀tá rẹ̀ tí ó ní, “Ìwọ ni o ba ayé mi jẹ́”, gbogbo wa ni a rí ẹni tí ó ń bá wí. Bí gbólóhùn kan náà bá ti inú ṣọ́ọ̀bù jáde, tí àgbàlagbà kan sì ń kọjá lọ, òun ni ó dà bí ẹni pé wọ́n ń bá wí. Bí ó bá jẹ́ òǹwòran ni ẹ̀dá-ìtàn ń bá sọ̀rọ̀, “ẹ” ni ó yẹ kí ó lò, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọdé. Bí ó bá jẹ́ ara rẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi mọ̀.

Ewu kẹta ni irọ́. Nígbà mìíràn, a máa ń gba ohùn ẹ̀dá-ìtàn sílẹ̀ fún ìpolówó nìkan. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ kò sí nínú fíìmù rárá. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn náà ìbá sọ ní ibi tí ó dúró sí nínú ìtàn. Orson Welles ṣe irú rẹ̀ fún Citizen Kane ti 1941: ohùn rẹ̀ nìkan ni a gbọ́ nínú ìpolówó náà, a kò rí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Àdùkẹ́ bá ṣèlérí ogun, tí a kò sì rí ju ìjà tọkọtaya lọ nínú fíìmù, jìbìtì ni. Apolówó lè ṣe àsọdùn, nítorí pé a ti mọ̀ ọ́n sí alágbàtà. A kì í dárí ji ẹni tí ó bá fi “èmi” purọ́ fún wa. Owó tí òṣìṣẹ́ fi ra ìwé ìwọlé ní òpin ọ̀sẹ̀, owó ọkọ̀ tàbí owó oúnjẹ ni ó yọ ọ́ lára rẹ̀. Bí ó bá rí ẹ̀tàn lẹ́ẹ̀kan, kò ní gba ohùn mìíràn gbọ́ mọ́.

Lónìí, àwọn ibòmíràn ni a ti ń rí ìpolówó fíìmù Yorùbá. Ó wà ní ilé sinimá inú ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ṣí ní Ìkẹjà ní 2011, ó wà lórí Netflix àti YouTube, ó sì wà nínú fóònù tí ọmọ ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ nínú dánfó. Ohun kan ti dorí kodò: ní àtijọ́, àwọn kan ń gbọ́ láìrí, nísinsìnyí, àwọn kan ń rí láìgbọ́, nítorí pé wọ́n ti pa ohùn fóònù wọn mọ́. Èyí kò sọ iṣẹ́ ohùn di yẹpẹrẹ. Ẹni tí ó bá rí ojú Àdùkẹ́ ní ẹnu géètì, tí ó rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, yóò wá ohùn rẹ̀ kàn. Nígbà tí ó bá sì gbé ohùn náà sókè, ohun tí yóò gbọ́ gbọ́dọ̀ tó ohun tí ó torí rẹ̀ wá a.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Ẹni tí ó bá sọ odindi fún òǹwòran kò kà á sí ọmọlúàbí, ẹni tí ó bá sì sọ ààbọ̀ tí kò ní odindi nílé ti rẹ́ ẹ jẹ. Ààbọ̀ tí ó jẹ́ òótọ́, lẹ́nu ẹni tí ọ̀ràn ń dùn, ni kí á fi síta. Kí á sì tọ́jú ààbọ̀ yòókù de ẹni tí ó bá sanwó wọlé.